Bàálù Tí Wọ́n Ní Ó Pa Bàbá Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti tò ó tán. Bàálù ike yín ti pé lódindi lórí tábìlì tí ẹ fi sílẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì dúró dáadáa, fáànù iwájú rẹ̀ ń yí bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, tọ̀pídò, àdó olóró abẹ́ omi náà, sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ níbi tí wọ́n yà á sí nínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo lẹ ẹyọ tó kẹ́yìn mọ́ ọn. Òjò ti ṣú bo gbogbo Òwu nígbà náà, àfi bíi pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹyẹ kan ò sì ké. Ó yẹ kí inú mi dùn. Àmọ́ kí wákàtí kan tó pé, mo ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò sì lè padà wọ yàrá yẹn.

Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè kọ ọ́ sí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ẹjọ́ lẹ́nu. Ẹ á yọ gíláàsì ojú yín, ẹ á máa fi etí aṣọ nù ún, ẹ ò sì ní wò mí lójú títí n ó fi sọ ọ́ tán.

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí Túndé gbé páálí bàálù náà dé. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé, oṣù mẹ́jọ ló lò lórí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nígbà náà láìfojú kan ilé. Ó fún Màmá ní aṣọ, ó fún mi ní lọ́fínńdà, ó wá gbé páálí pẹlẹbẹ kan lé yín lórí itan. Wọ́n ya bàálù ogun kan sí ara rẹ̀. Ó ń fò lórí òkun bíi pé ikùn rẹ̀ fẹ́ kan omi, ohun gígùn dúdú kan ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹja ńlá, ọkọ̀ ojú omi kan sì wà lọ́ọ̀ọ́kán tí kò mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kó bá yín wá a, ẹ ti kọ orúkọ irú bàálù náà sínú ìwé pélébé fún un kó tó lọ. Ẹ wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ní, "Òun nìyí." Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu yín rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì tún gbọ́ ọ mọ́.

Kò sí ọmọ kan nínú ilé wa tí kò mọ ìtàn náà. Ìyá Àgbà ló ń sọ ọ́ fún wa lórí ẹní nígbà tí a wà ní kékeré. Bàbá yín kúrò ní Òwu, ó lọ sí Èkó, ó sì wọ ọkọ̀ òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kó èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀, oyún yín sì wà nínú Ìyá Àgbà. Kò padà dé. Kí ogun tó parí, ọkùnrin ará Ìjàyè kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí omi wá sí yàrá Ìyá Àgbà, ó jókòó, ó sì ròyìn fún un pé bàálù kan fò wálẹ̀, ó ju tọ̀pídò sínú omi, tọ̀pídò náà sáré lábẹ́ omi bí ẹja tó mọ ibi tó ń lọ, ó sì la ọkọ̀ náà sí méjì. Àwọn tó wà nídìí iná kò ráyè gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin ń rá kòrò lórí ilẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí ó ṣe ń sọ ọ́. Bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Nítorí náà ni ẹ kò ṣe jẹ́ kí a lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ògùn rí. Nítorí náà ni ẹ ṣe máa ń ya bàálù kan náà sí ẹ̀yìn ìwé ìdánwò àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bí a ṣe ń ya àwòrán ẹ̀rọ, ẹ ó yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, pẹ̀lú pẹ́ńsù tí ẹ so okùn mọ́ kọ́ sọ́rùn. Ẹ máa ń pa ẹnu dé kun orin ìyìn bí ẹ bá ń yà á. Mo rò nígbà náà pé ọ̀nà tí ẹ fi ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ ni mi ò mọ̀ mọ́.

Ẹ ní kí n wá bá yín tò ó. Ẹ ní ọwọ́ mi ló yẹ ẹ́, nítorí eyín àtọwọ́dá ni mò ń ṣe jẹun ní Kútò, ike kéékèèké ni mò ń bá yí láti àárọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyín," lẹ máa ń pè mí. Ẹ ní gbogbo Sátidé ni kí n máa wá. Mo wá lẹ́ẹ̀mejì péré, Bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ pọ̀, tàbí mo ní ìpàdé ìjọ, tàbí ara mi ò yá. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ ń dá a ṣe pẹ̀lú ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n, ẹ ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹyọ tí kò tó ẹ̀wà erèé. Lábẹ́ apá òsì, mo rí ojú ìka àtàǹpàkò yín tó gbẹ sínú gọ́ọ̀mù. Ó yẹ kí n fi sáńpépà họ ọ́ kí n tó kun ọ̀dà. Mi ò họ ọ́. Mo fi ojú ìka tèmi lé e, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

Láti ọjọ́ tí bàálù yẹn ti wọlé ni Màmá ò ti fẹ́ ẹ. Kò gbá yàrá yẹn mọ́, kò sì gbé oúnjẹ wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá pè é pé kó wá wò ó, á ní òun ń bọ̀, kò sì ní wá. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé tí ẹ lọ, òun náà ló bá yín níbẹ̀, orí yín wà lórí tábìlì bí ẹni tí oorun gbé lọ, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tọ̀pídò lẹ ń kùn. Ìdajì rẹ̀ ti dúdú, ìdajì rẹ̀ kò tíì rí ọ̀dà. Kò pariwo. Ó kọ́kọ́ yọ búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ yín, ó ju aṣọ bo bàálù náà, kó tó wá ké sí àwọn ará ilé.

Túndé wá sìnkú yín, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ tó ń padà lọ, mo bá a nínú yàrá yẹn. Ó ti ṣí aṣọ kúrò lórí tábìlì. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Páálí ló dojú kọ, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi kékeré tó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú àwòrán náà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì bọ́ síta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn.

Ó kọ́kọ́ ń pe ilé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé yín. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó wá di pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń kọ ránṣẹ́ sórí fóònù: mo wà dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, ẹ bá mi kí Màmá. Nígbà tó yá, a ò rí ọ̀kan ṣoṣo mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Ṣadé ìyàwó rẹ̀ ń pè mí láti Pápáláńtò ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ Ṣadé, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, tíṣà ọmọ kékeré ni. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti gbọ́ nǹkan kan, èmi náà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ìjọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ọwọ́ mi mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ Màmá irú ìjì tó máa ń jà lórí òkun ní irú àsìkò yìí. Bí Màmá ṣe délé ló sọ fún mi pé, "Bá mi gbé nǹkan yẹn kúrò nílé. Kò sí oore kan tó máa tinú rẹ̀ jáde."

Mi ò gbé e kúrò. N ó jẹ́wọ́ fún yín, nítorí ẹ ò fẹ́ràn ìgbàgbọ́ asán: mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tí a fi sílẹ̀ láìparí ló ń dà wá láàmú. Mo rò pé bí mo bá tò ó tán, Túndé á pè. Mo kó irinṣẹ́ ibi iṣẹ́ mi wá, mo ń wá ní Sátidé, mo tún ń wá ní Ọjọ́rú tí mi ò ní lọ sí Kútò. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lẹ ẹyọ kan, n ó wo fóònù. Wọ́n fi ère awakọ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀, wọn ò ga tó èékánná ọwọ́ mi. Mo kun ojú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń wo ìsàlẹ̀, ẹni tí yóò fa nǹkan tí tọ̀pídò á fi já. Mo bínú sí i, Bàbá. Mo kun ojú rẹ̀ tán, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú tí mo parí rẹ̀, mo gbé páálí òfìfo láti lọ jù ú nù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo díẹ̀. Ẹ ti fi páálí pélébé mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí ká, iṣẹ́ mímọ́ bíi tiyín. Mo fi abẹ tú u. Àpòòwé kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n, orúkọ yín àti àdírẹ́sì ilé ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ ti ṣe tíṣà ló wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní ìlú òyìnbó ló kọ ọ́ sí yín. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ ò tíì fẹ́ Màmá.

Ẹ ti kọ̀wé sí wọn láti béèrè bí bàbá yín ṣe kú. Wọ́n dá yín lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni, bàálù fi tọ̀pídò ri ọkọ̀ náà, wọ́n sì kọ orúkọ irú bàálù náà. Àmọ́ wọ́n ní orúkọ bàbá yín kò sí nínú orúkọ àwọn tó bá a rì. Oṣù márùn-ún ṣáájú ọjọ́ náà ló ti fọwọ́ síwèé, ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté ní ìlú òyìnbó pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun ti rí iṣẹ́ lórí ilẹ̀. Kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àrá sán lọ́nà Olúmọ, yàrá ṣókùnkùn, bàálù náà sì dojú kọ mí. Ìgbà yẹn ni mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ mọ̀, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Àgbà ń sọ ìtàn náà fún wa, tí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ ń nu gíláàsì yín, ẹ mọ̀. Ṣé nítorí kí ojú má bàa tì í lẹ dákẹ́? Nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin fún yín, ẹ sọ ọ́ ní Babátúndé, gbogbo ìjọ sì ń pàtẹ́wọ́. Ta ló kú tó padà wá? Ṣé ọkùnrin yẹn ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà, tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó? Ṣé ẹ máa ń rò ó? Kí ni ẹ ń tò lórí tábìlì yìí tí ẹ mọ̀ pé kò pa èèyàn yín kankan?

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn ni mo ti ń rò pé bóyá omi ti gbé Túndé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rò pé bóyá kò gbé e.

Ọkùnrin kan wà tí òun àti Túndé jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀, Túndé fi fóònù rẹ̀ pè mí rí. Mo wá nọ́ńbà náà títí mo fi rí i. Bí mo ṣe dárúkọ ara mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó wá ní, "Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín. Túndé ò sí lórí ọkọ̀ mọ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́." Ó fi nọ́ńbà tuntun kan ránṣẹ́ sí mi. Mo pè é níbi tí mo dúró sí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó gbé e.

"Túndé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló fún yín ní nọ́ńbà yìí?"

Kò kí mi. Kò béèrè Màmá. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ ní èbúté, òun ti rí ibi gbé, ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ òun. Ó ní nígbàkigbà tí òun bá délé, ṣe ló ń dà bíi pé aṣọ ẹlòmíràn ni òun wọ̀, pé ó ti rẹ òun láti máa bọ́ ọ kí òun tún máa wọ̀ ọ́. Mo bi í pé Ṣadé ńkọ́, Tọ́míwá ọmọ rẹ̀ ńkọ́.

"Ẹ sọ fún wọn pé omi gbé mi lọ."

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Ẹ sọ pé omi gbé mi lọ. Wọ́n á sunkún, ó sì máa parí. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n máa retí mi. Ẹ wo Bàbá. Bí wọ́n ṣe sọ fún un nípa bàbá tiẹ̀ nìyẹn, ó sì dàgbà, ó di èèyàn. Kò ṣe é ní nǹkan kan."

Kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo gba ẹnu ọ̀nà wo inú yàrá yín. Mo wo tábìlì, mo wo gbogbo ìwé ìdánwò tí ẹ ti ya bàálù sí ẹ̀yìn wọn, wọ́n kún àpótí méjì. Lẹ́tà òyìnbó náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo kà á sí i létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Bàbá mọ̀?" Mo ní ẹ mọ̀. Ó gé fóònù.

Ọjọ́ méjì ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí ẹni tó gbé iná sápò. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ba eyín ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá mi ní kí n lọ jókòó. Ọkùnrin ará Ìjàyè yẹn ni mò ń rò. Bóyá òun náà gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bóyá ó jókòó ní yàrá Ìyá Àgbà, ó wo ọmọ tó ń rá kòrò, ó sì rò pé àánú ni irọ́ náà jẹ́. Mo mọ bó ṣe ṣe é báyìí, nítorí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún Ṣadé. Mo ti mọ irú ìjì tí n ó pè é. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Àárọ̀ Sátidé, Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó yè?" ló kọ́kọ́ wí.

"Ó yè, Mà."

Ó sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a sin yín. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Gbéra báyìí, kí o lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Má jẹ́ kí ọmọ yẹn ya bàálù dàgbà."

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà ò yà á lẹ́nu rárá. Ẹ ti sọ fún un, àbí ó rí i fúnra rẹ̀? Mi ò bi í. Mo kàn mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe ẹ̀rù bàálù náà ló ń bà á láti ọjọ́ yìí wá. Ó ń wò yín bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n to irọ́, kò sì lè ní kí ẹ dáwọ́ dúró.

Mo wọ ọkọ̀ ní Kútò. Ojú ọ̀run ṣì dúdú. Bí a ṣe ń sún mọ́ Pápáláńtò ni eruku ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti sọ ewé ẹ̀bá ọ̀nà di funfun, ó dà bíi pé wọ́n ti kú sórí igi. Mo bá Ṣadé lórí ẹní, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó rí ojú mi, ó gbé bírò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti rí òkú rẹ̀?"

"Ó wà láàyè, Ṣadé."

Bàbá, ó rẹ́rìn-ín. Ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Mi ò gbàgbé ẹ̀rín yẹn títí mo fi ń kọ̀wé yìí. Ó wá rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rí bí ayọ̀ náà ṣe ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó padà. Mo sọ ọ́, mi ò yọ nǹkan kan kúrò, títí kan ohun tó ní kí n sọ.

Ó na ọwọ́ sí mi fún fóònù. Ó pe nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Túndé gbé e, ó rò pé èmi ni.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni," ni Ṣadé wí. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ kú. Mo ní kí n pè ọ́ kí n tó wọ dúdú."

Ṣadé dúró, ó fún un láàyè tó pọ̀ tó láti sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ṣadé ló gé fóònù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń dá ìgò òfìfo padà.

Tọ́míwá ti ibi tó ti ń ṣeré wọlé, omi òjò wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ṣadé ní, "Ẹ sọ fún un níṣojú mi, kó má bàa di pé ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gbọ́ ọ." Mo fà á mọ́ra. Mo ní bàbá rẹ̀ wà láàyè, ara rẹ̀ le, ọkọ̀ rẹ̀ ò rì. Mo ní ó wà ní ìlú kan tó jìnnà, ó sì ní òun ò padà wálé.

"Ṣé ó máa padà wá tó bá yá?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀. Òun nìkan ló mọ̀."

Ó rò ó. Ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wò mí. Ó ní, "Ṣé mo lè bínú sí i?"

Ṣadé ló dá a lóhùn. "O lè bínú sí i. Èmi náà ń bínú sí i."

Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó rìn wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà tí àwòrán ìgbéyàwó wọn fi yẹ̀ lára ògiri. A gbọ́ ọ tó ń pariwo níbẹ̀. Ó ń pe bàbá rẹ̀, ó ń bú u, pẹ̀lú gbogbo èébú tí ọmọ ọdún méje mọ̀. Mo fẹ́ dìde, Ṣadé dì mí mú. A jókòó, a jẹ́ kó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá, mo sunkún níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí Túndé. Ẹ̀yin ni mo sunkún fún, ẹ̀yin tí ẹ kò rí bàbá kankan bú láti kékeré dé ọjọ́ ogbó.

Ẹ sùn dáadáa. Bí ẹ bá ti bá bàbá yín pàdé lọ́run, ẹ má nu gíláàsì yín mọ́. Ẹ wò ó lójú, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú yín fún un.

Èmi ni ọmọ yín tí kò wá ní àwọn Sátidé yẹn, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín ju bí mo ti fi hàn lọ,

Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyín yín.